Ta Ló Ni Ìwọ̀n? Bí Ìgbéléwọ̀n Iṣẹ́ Ìlú Ṣe Bọ́ sí Ọwọ́ Àwọn Onílẹ̀ Amẹ́ríkà

Ní ilẹ̀ títẹ́jú tí ó wà ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ti Àríwá, níbi tí agbo ẹfọ̀n ti ń jẹ̀ káàkiri kí ìbọn òyìnbó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n run tán, ó jẹ́ àṣà àwọn ẹ̀yà Lakota pé, nígbà tí òtútù bá dé tí òjò dídì àkọ́kọ́ sì bo ilẹ̀, tí a lè sọ pé ọdún kan ti parí tí òmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbààgbà a kó ara wọn jọ, wọn a sì yẹ ọdún tí ó kọjá wò fínnífínní, ogun rẹ̀ àti àlàáfíà rẹ̀, ìyàn rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ẹran rẹ̀, ikú rẹ̀ àti ìbí rẹ̀, títí wọn yóò fi fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó tọ́ kí a máa fi dárúkọ ọdún náà. Nígbà tí wọ́n bá yan ọ̀rọ̀ náà tán, ẹni tí ìtọ́jú ìwé ọdún wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ a mú awọ ẹfọ̀n tí a ti fá tí a sì ti sá gbẹ, a ya àwòrán kékeré kan péré sí i; òun kan náà ni yóò sì máa fi àwòrán wọ̀nyẹn ròyìn fún àwọn ọmọdé, tí yóò máa fi ìka tọ́ ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, tí yóò máa sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìdí tí ó fi ṣẹlẹ̀, àti ohun tí ó kọ́ àwọn baba wọn. Waníyetu wówapi ni àwọn Lakota ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni ti Lone Dog, ọmọ ẹ̀yà Yanktonai, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà òtútù ọdún 1800 sí 1801 tí ó sì dúró lórí ti 1870 sí 1871, tí àwọn àwòrán rẹ̀ ká láti àárín awọ lọ sí etí rẹ̀. Ní àárín náà gan-an ni a ti rí 30 ìlà dúdú tí a fà ní ọgbọọgba, nítorí pé 30 ènìyàn Dakota ni àwọn ẹ̀yà Crow pa ní ọdún náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwòrán ènìyàn kan wà tí àmì pupa bò láti òkè délẹ̀, nítorí pé ọdún tí ó tẹ̀lé e ni àrùn náà jà láàárín wọn, èyí tí àwa ń pè ní ilẹ̀ gbígbóná nígbà tí a kò bá fẹ́ dárúkọ olóde lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí ó sì di òru ọjọ́ 12 mọ́ ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1833, tí ìràwọ̀ ń já láti ojú sánmà láìdáwọ́ dúró tí gbogbo Amẹ́ríkà fi rò pé ayé ti dópin, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìwé ọdún Lakota kan tí kò fi ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ dárúkọ ìgbà òtútù yẹn, débi pé ibẹ̀ ni àwọn òpìtàn òde òní ń dúró sí láti ka àwọn ọdún yòókù síwájú àti sẹ́yìn.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ìgbéléwọ̀n, èyíinì ni kí a jókòó ti iṣẹ́ tí a ti ṣe kí a sì bi ara wa léèrè bóyá ó so èso, jẹ́ ohun tí ìjọba àti àwọn olówó àánú kó wá nínú àpótí ìwé wọn fún àwọn onílẹ̀, èyíinì ni àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Irọ́ gbáà ni. Ìgbéléwọ̀n tí ìjọba kó wá ní tirẹ̀ jẹ́ èyí tí àlejò ti bi ìbéèrè rẹ̀, tí ó ti gbé ìwọ̀n rẹ̀ ró, tí ó sì ti kó ìdáhùn rẹ̀ lọ sílé. Ó sì ju 100 ọdún lọ kí àwọn tí a ń wọ̀n tó gba ìwọ̀n náà padà, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tí ì gbà tán títí di òní.

Kíka orí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1887, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí a fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ Henry Dawes pè, tí ó pàṣẹ pé kí a gé ilẹ̀ àjùmọ̀ni àwọn onílẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba 160 éékà, kí èyí tí ó bá sì ṣẹ́ kù di ti àwọn òyìnbó àtìpó. Kí wọ́n tó lè pín in, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní láti kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì pinnu ẹni tí í ṣe ojúlówó ọmọ onílẹ̀ àti ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìpín náà fi dópin ní ọdún 1934, nínú mílíọ̀nù 138 éékà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ nígbà tí òfin bẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù 48 péré ni ó kù. Àwọn ọmọ pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀: láti 1879 tí ọ̀gágun Richard Henry Pratt ti dá ilé-ẹ̀kọ́ Carlisle sílẹ̀ ní Pennsylvania ni a ti ń kó àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn lọ gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn, tí a ń gé irun wọn, tí a sì ń sọ èdè abínibí wọn di ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń tìtorí rẹ̀ nà wọ́n.

Kò sí ẹni tí ó yẹ iṣẹ́ yìí wò dáadáa títí ó fi di ọdún 1926, nígbà tí Hubert Work tí í ṣe mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní kí ilé ìwádìí kan ní Washington, èyí tí ó wá di Brookings lẹ́yìn náà, wá wo bí ìjọba ti ń ṣe àkóso àwọn onílẹ̀. Owó Rockefeller ni wọ́n fi ṣe é. Lewis Meriam sì ni olórí àwọn tí wọ́n rán. Mẹ́wàá ni wọ́n. Fún oṣù méje gbáko ni wọ́n fi ń ti ibùdó bọ́ sí ibùdó, wọ́n sì dé ibi 95, ilé ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì ìjọba àti àgọ́ àwọn onílẹ̀ pàápàá. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa ni pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi í ríran, bóyá ohun kan náà ni ì bá sì ṣẹlẹ̀ sí Meriam àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Henry Roe Cloud tí ó wà láàárín wọn. Ọmọ Ho-Chunk ni Roe Cloud, ilẹ̀ Nebraska ni a gbé bí i, ó gba oyè ní Yunifásítì Yale ní 1910, ó sì ti dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin onílẹ̀ ní ìlú Wichita ní 1915. Bí wọ́n bá dé ibi tí àwọn ará ìlú ti di ẹnu mọ́ òyìnbó, òun ni yóò wọlé. Ohun tí a kò sì ní sọ fún ẹni tí ó mú ìwé àti gègé lọ́wọ́, a lè sọ ọ́ fún ẹni tí òun pàápàá ti gbé inú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nígbà èwe.

Nígbà tí ìwé náà jáde ní 1928, tí ojú ewé rẹ̀ lé ní 800, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ya ìjọba lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan péré. Owó oúnjẹ tí wọ́n ń ná lórí ọmọ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba jẹ́ nǹkan bí séńtì 11 lóòjọ́, òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ pa pọ̀. Àwọn tí wọ́n rán kò sì fi owó náà dúró lórí ìwé, wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n wo ohun tí ó wà nínú ìkòkò, wọ́n rí i pé mílíìkì kò tó, pé ẹ̀fọ́ kò tó, pé àwọn ọmọ tí ebi ń pa yìí kan náà ni wọ́n tún ń fọṣọ, tí wọ́n ń gbo ilẹ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko ní ìdajì ọjọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ má baà wó. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a a fi tọmọ jẹ́ ẹ: ìjọba ló rán wọn, ṣùgbọ́n wọn kò bo ìjọba láṣìírí. Ìwé náà wà lára ohun tí ó la ọ̀nà fún òfin 1934 tí ó fi òpin sí ìpín ilẹ̀.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a sọ ibi tí ó kù sí. Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn Meriam, láìka àánú rẹ̀ sí, ni pé báwo ni onílẹ̀ yóò ṣe lè gbé ayé bí òyìnbó ti ń gbé e, ó kéré tán kí ara rẹ̀ le kí ilé rẹ̀ sì mọ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ bi onílẹ̀ pé irú ayé wo ni ìwọ fẹ́ gbé.

Ohun tí irú ìbéèrè ti Meriam yẹn lè dà, àwọn Menominee ti Wisconsin rí i tojú tẹ̀mú. Igbó ni ọrọ̀ wọn, wọ́n mọ bí a ti í gé igi láìpa igbó, wọ́n sì ní ilé iṣẹ́ ìlagi tiwọn ní Neopit láti 1908. Ní ọdún 1947, àwọn sẹ́nétọ̀ kan tí ó fẹ́ kí ìjọba dín ìnáwó kù bi William Zimmerman, tí ó ń di ipò ọ̀gá àgbà mú ní ọ́fíìsì àwọn onílẹ̀, pé ẹ̀yà wo ni ìjọba lè yọ ọwọ́ kúrò lórí wọn. Zimmerman gbé ìwọ̀n kalẹ̀: báwo ni wọ́n ti gba àṣà òyìnbó tó, báwo ni ọrọ̀ wọn ti pọ̀ tó, ṣé àwọn fúnra wọn fẹ́ ẹ, ṣé ìpínlẹ̀ tí wọ́n wà yóò gbà wọ́n. Lórí ìwọ̀n yìí ni ó fi pín àwọn ẹ̀yà sí ọ̀nà mẹ́ta, àwọn Menominee sì bọ́ sí apá kìíní, apá àwọn tí ó ti ‘tó gbangba’. Nítorí pé wọ́n mọ iṣẹ́ wọn ṣe ni wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìtàn ìwà òmùgọ̀ ìjọba, ti ilé àti ti òkèèrè, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó tó èyí.

Àwọn Menominee ti jàre ìjọba ní ilé ẹjọ́ ní 1951, wọ́n sì gba mílíọ̀nù 8.5 dọ́là nítorí igbó wọn tí ìjọba ti bà jẹ́. Wọ́n fẹ́ pín díẹ̀ nínú rẹ̀, 1,500 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Sẹ́nétọ̀ Arthur Watkins ti Utah lọ bá wọn ní 1953, ó ní bí wọn kò bá gbà kí ìjọba yọ ọwọ́, kò sí owó. Ènìyàn 169 dìbò pé àwọn gbà, márùn-ún ní àwọn kò gbà, nínú ẹ̀yà tí ó lé ní 3,000. Nígbà tí ohun tí wọ́n dìbò fún yé wọn, wọ́n tún pàdé, wọ́n kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ó fetí sí ìkejì. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n ti Menominee, àárín ìdìbò kan àti òmíràn ni wọ́n ti fá a tán. Ààrẹ Eisenhower buwọ́ lu òfin tí ìjọba fi yọ ọwọ́ ní 1954, ó sì múlẹ̀ ní 1961: ilé ìwòsàn wọn tì, ilẹ̀ tí a kì í san owó orí lé lórí di èyí tí a ń sanwó lé, ìjọba ìbílẹ̀ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ di èyí tí ó tòṣì jù ní gbogbo Wisconsin, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ta etí adágún odò fún àwọn olówó tí ń wá ibi ìsinmi. Ọdún 1973 ni Ada Deer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ìjà tí ó gbé wọn dé Washington, tó mú kí ìjọba dá ipò wọn padà fún wọn.

Láàárín ìgbà náà, ìgbéléwọ̀n ti di iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń jẹun ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Ààrẹ Johnson ń gbógun ti òṣì, tí òfin ẹ̀kọ́ 1965 sì fẹ́ da owó púpọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tálákà, Sẹ́nétọ̀ Robert Kennedy ta kú pé àfi kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan jábọ̀ bóyá àwọn ọmọ ń jèrè rẹ̀, kí àwọn òbí lè ní ohun tí wọn yóò fi di alákòóso mú. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà kì í dé ọwọ́ òbí. Òkè ni ó ń lọ, lọ́dọ̀ ẹni tí ó fúnni lówó, àwọn tí wọ́n gbà láti kọ ọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ tìrítìrí lọ sí ilẹ̀ àwọn onílẹ̀, wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn tí wọn kì í jẹ́ kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá láìwá. Vine Deloria, ọmọ Standing Rock, fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé tí ó kọ ní 1969. Ọdún 1975 ni òfin tó fún àwọn ẹ̀yà láǹfààní láti máa gba owó ìjọba kí wọ́n sì máa fúnra wọn darí ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn wọn. Àwọn ni ó ń ṣe iṣẹ́ wàyí. Ẹlòmíràn ṣì ni ó ń sọ bóyá iṣẹ́ náà dára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dójú ìjà ni ìlú Barrow, ní ṣóńṣó orí Alaska níbi tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti tán, ìlú àwọn Inupiat ọdẹ erinmi òkun ńlá, tí wọ́n ti dá orúkọ àtijọ́ rẹ̀, Utqiaġvik, padà fún un ní 2016. Epo rọ̀bì tí a rí ní Prudhoe Bay, tí paipu bẹ̀rẹ̀ sí gbé jáde ní 1977, sọ ìjọba ìbílẹ̀ wọn di olówó ní ọ̀sán kan òru kan, ọtí sì ń pa àwọn ọ̀dọ́ wọn. Ẹ kíyè sí i pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n fẹ́ mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Ẹ̀bẹ̀ ìmọ̀ràn ni wọ́n bẹ̀. Ní 1979, àwọn olùwádìí kan tí wọ́n wá láti Philadelphia yan 88 ènìyàn, ìdámẹ́wàá àwọn tí ó ti ju ọdún 15 lọ, wọ́n fi ìwé ìbéèrè tí a ṣe ní Michigan bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti ń mutí, wọ́n ní kí wọ́n ya àwòrán, wọ́n sì padà lọ sí Philadelphia lọ ṣírò rẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún 1980 ni wọ́n pe àwọn oníròyìn jọ ní Philadelphia kí àwọn ará Barrow tó rí ààyè jókòó ti ìwé náà. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ìwé ìròyìn New York Times gbé e, àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ayé sì gbọ́ pé àwọn Inupiat ti di ọ̀mùtí, pé owó epo ti ba ìlú wọn jẹ́ tán. Baálé ilé tí ó ti fẹ̀sọ̀ dáhùn ìbéèrè nítorí ìfẹ́ ìlú ń rí orúkọ ìlú náà lójú ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú. Kò sí ọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ ọdẹ tí ń kó àwọn ọ̀dọ́ jáde lọ sórí yìnyín, kò sí nípa àwọn tí wọ́n ti fi ọtí sílẹ̀ àti ohun tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni ẹni tí ń wá ìwòsàn ì bá fẹ́ mọ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Edward Foulks tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn olùwádìí náà kọ ìwé lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ṣàlàyé bí àwọn àti ìlú ti ṣe pàdánù ara wọn. Mo gbóríyìn fún un, nítorí ẹni tí ń jẹ́wọ́ nínú iṣẹ́ yẹn kò pọ̀. Kí ìwé rẹ̀ tó jáde, ọ̀rọ̀ Barrow ti di ohun tí àwọn onílẹ̀ ń sọ létí ara wọn láti ẹ̀yà kan dé èkejì, pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wá wádìí yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ni yóò ka ìdáhùn kí ayé tó kà á.

Àwọn ẹ̀yà Navajo ni wọ́n sọ ìbéèrè yẹn di òfin. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1993, ọ̀dọ́mọkùnrin Navajo kan, eléré ìje tí ara rẹ̀ le koko, ń lọ sí ìsìnkú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nígbà tí èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí hán, ó sì kú ní ọjọ́ náà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Àwọn oníròyìn ya bo ilẹ̀ wọn, wọ́n ń ya àwòrán níbi òkú, ní àkókò tí àṣà Navajo kò fẹ́ kí a máa dárúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Wọ́n ń pe àrùn náà ní ti Navajo, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Los Angeles sì kọ̀ láti gba àwọn ọmọ Navajo tí wọ́n ti pè wá ṣeré. Àwọn dókítà ìjọba ń wá okùnfà rẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Àwọn àgbà Navajo, ní tiwọn, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a: wọ́n ní ọdún tí òjò bá pọ̀, èso igi ahóyaya òkè, tí wọ́n ń pè ní piñon, a so jìngbìnnì, eku a bí sí i kọjá ààlà, eku a wọlé, àìsàn a sì tẹ̀ lé eku, wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1918 àti ní 1933, wọ́n ní ìdí nìyẹn tí àṣà fi kọ̀ kí eku wọ ilé, tí aṣọ tí eku bá fi ara kàn fi di èyí tí a ń sun. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Dókítà Ben Muneta, tí òun náà jẹ́ Navajo, lọ jókòó tì wọ́n, ó sì gbọ́. Àyẹ̀wò sì fi hàn nígbà tí ó yá pé ara eku ni kòkòrò àrùn náà ti ń wá. Orúkọ tí wọ́n fún kòkòrò náà, lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú ti kọ̀ kí a fi ilẹ̀ wọn pè é, ni Sin Nombre, tí í ṣe ‘aláìlórúkọ’ ní èdè Sípéènì.

Ní 1996, ìjọba Navajo dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ láti máa yẹ gbogbo ìwádìí wò. Bí a bá gbọ́ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, a ó mọ̀ pé Barrow kò jà lásán. Olùwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ìpàdé àdúgbò tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn, kí wọ́n gbà á kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn gbà á. Lẹ́yìn náà ni yóò tó wá síwájú ìgbìmọ̀, níbi tí wọn yóò ti bi í pé kí ni Navajo yóò jẹ níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, ti Navajo ni gbogbo ohun tí ó kó jọ. Ìwé èyíkéyìí tí ó bá sì fẹ́ tẹ̀ jáde, yóò gbé e wá kí wọ́n kà á ná. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń kùn pé èyí ń dá ìmọ̀ dúró. Ó ṣeé ṣe kí ó dá a dúró fún oṣù mélòó kan. Mo rò pé ìmọ̀ lè fara dà á.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí àìsí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fà, kí ó wo àwọn Havasupai, ẹ̀yà kékeré tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ àfonífojì Grand Canyon, níbi tí ẹ̀yìn ìbaaka ni lẹ́tà ṣì ń gbà dé. Ìtọ̀ ṣúgà ń pa wọ́n, ní 1990 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn olùwádìí Arizona State University ní ẹ̀jẹ̀ wọn kí wọ́n lè bá wọn wá ojútùú. Ní 2003, Carletta Tilousi, ọmọ ẹ̀yà náà, jókòó sí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń gbèjà ìwé oyè dókítà rẹ̀, ó gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn òun ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí, pé kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà, ó sì dìde béèrè bóyá ẹnikẹ́ni gba àṣẹ. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ní 2010, yunifásítì náà san 700,000 dọ́là fún 41 nínú wọn, ó tọrọ àforíjì, ó sì dá ẹ̀jẹ̀ tí ó kù padà.

Òfin lè dá àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún onílé bí yóò ti wọn iṣẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn onílẹ̀ dá sílẹ̀ ni wọ́n gbé ìyẹn rù. Navajo ni ó kọ́kọ́ dá tiwọn sílẹ̀ ní 1968, èyí tí a ń pè ní Diné College nísinsìnyí. Ní 1973 ni àwọn irú rẹ̀ kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ tí a ń pè ní AIHEC. Owó ìjọba ni wọ́n ń gbà, owó ìjọba sì ń bèèrè ìròyìn. Ní 2003, National Science Foundation fún AIHEC lówó kí wọ́n wá ìlànà ìgbéléwọ̀n tí ó ti inú àwọn onílẹ̀ fúnra wọn wá. Joan LaFrance, ọmọ Chippewa ti Turtle Mountain, àti Richard Nichols, ọmọ Pueblo ti Santa Clara, ni wọ́n ṣe é. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bi wọ́n pé báwo ni àwọn baba yín ṣe ń mọ̀ pé ohun kan dára. Ìwé tí ó jáde ní 2009 sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀: pé kí a mọ ilẹ̀ tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, kí a mọ ẹ̀bùn tí ó wà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a bọ̀wọ̀ fún ẹbí àti ìlú, kí a má sì fọwọ́ kan ọ̀wọ̀ ìjọba ẹ̀yà. Wọ́n ní kí ìròyìn iṣẹ́ jẹ́ ìtàn tí àwọn tí ó ṣe é lè sọ.

Ní Diné College, àwọn ọ̀rọ̀ Navajo mẹ́rin ni wọ́n fi ń tọ́ iṣẹ́, láti ìlà oòrùn yí ká dé àríwá: nitsáhákees tí í ṣe èrò, nahat’á tí í ṣe ètò, iiná tí í ṣe ìgbé ayé, siihasin tí í ṣe ìgbà tí ọkàn balẹ̀ tí a sì padà wo ohun tí a ti ṣe, lẹ́yìn èyí, èrò a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bóyá iṣẹ́ kan dára kò ní dúró dìgbà tí owó bá tán, nítorí ibi tí wọ́n ti ń wò ó wà nínú iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ń fúnni lówó ń ráhùn pé irú nǹkan báyìí dára ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣírò pọ̀, pé ìtàn ti ilé-ẹ̀kọ́ kan kò ṣeé fi wé ti èkejì. Ẹ̀tọ́ díẹ̀ wà nínú ìráhùn náà, mi ò ní fojú fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo òǹkà ìjọba fúnra rẹ̀: òǹkà àwọn tí ó parí ẹ̀kọ́, tí ó jẹ́ pé àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ alákòókò kíkún ni a ń tẹ̀ lé, nígbà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn onílẹ̀ jẹ́ ìyá ọmọ tí ó ti ju 25 ọdún lọ, tí ó lè fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọdún kan nítorí àìsàn ìyá rẹ̀ kí ó sì padà wá. Ìwé ìjọba ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tí ó sá lọ. Nítorí náà ni AIHEC fi bẹ̀rẹ̀ òǹkà tiwọn láti 2004, èyí tí wọ́n ń pè ní AIMS: nǹkan kan náà ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wọn ń kà, ó ṣeé ṣírò pọ̀, ó sì ní ààyè fún ẹni tí ó lọ tí ó padà, fún ẹ̀kọ́ èdè, àti fún iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe fún ará ìlú tí kò forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Òǹkà ìjọba ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn akọ̀wé wọn ń kọ méjèèjì.